Ìyá Oní-Dòdò Àti Ọkọ̀ Ṣíńgọ́ọ̀mù

Kí ṣíńgọ́ọ̀mù inú bébà tó dé Ìkirè, àwa ọmọdé ti ní gọ́ọ̀mù tiwa, orí igi ló sì ti ń já bọ́. Bí ọyẹ́ bá ti mú, tó di oṣù Kejìlá, tí agbálùmọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, kò sí ọmọ tí kò mọ igi tí tirẹ̀ dùn àti èyí tó kan gógó. A ó fi eyín ya á, a ó fa omi inú rẹ̀ mu, a ó lá kóró rẹ̀ mọ́ tónítóní, a ó sì kó kóró náà sápò torí eré tí a ó fi ṣe lọ́sàn-án. Èèpo àti ara rẹ̀ tó kù la ó wá máa jẹ, tí a ó máa tu èyí tó bá rún dànù díẹ̀díẹ̀, títí ohun tó ń fà, tó ń lẹ̀, yóò fi kù lẹ́nu. Ó di gọ́ọ̀mù nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kí tirẹ̀ kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ ní láti jẹ tó agbálùmọ̀ mẹ́rin sí márùn-ún. Lálẹ́, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ àpótí ìjókòó, a ó sì tún mú un padà sẹ́nu láàárọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó jí.

Oko kòkó bàbá mi wà ní ọ̀nà Apòmù, igi agbálùmọ̀ sì wà láàárín kòkó àti obì. Màámi kì í sábà bá wọn lọ sóko. Dòdò ni wọ́n ń dín. Ẹni tó bá ti gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ rí ni yóò mọ dòdò Ìkirè: ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá ààlà, tí awọ rẹ̀ ti dúdú, tí ẹlòmíràn ì bá dà nù, la ń gé wẹ́wẹ́, tí a ń fi ata àti iyọ̀ sí, tí a ń dín nínú epo pupa títí yóò fi dúdú, kí a tó mọ ọ́n ní ṣùṣù nígbà tó ṣì gbóná. Inú ewé la ń wé e sí nígbà náà. Èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ló ń gbé àtẹ lọ sí gáréèjì, nítorí gbogbo ọkọ̀ tó bá ti Ìbàdàn bọ̀, tó ń lọ sí Ifẹ̀, Iléṣà tàbí Àkúrẹ́, ọ̀dọ̀ wa ni yóò gbà kọjá.

Apòmù tó múlé tì wá kì í ṣe ọjà àná. Láyé ọjọ́un, ibẹ̀ ni ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé láti ná ọjà. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé ọ̀rọ̀ ataare ní ọjà Apòmù ló di ìjà láàárín ará Ìjẹ̀bú àti ará Òwu, tí ìjà náà sì di ogun tó tú Òwu ká. Èyí ni mo máa ń rántí bí ẹnìkan bá ní kí lèmi ń fi ọ̀rọ̀ ohun ìpanu ọmọdé ṣe. Ohun kékeré tí ènìyàn fi sẹ́nu ní ọjà Apòmù ti tú ìlú rí.

Bazooka ni ṣíńgọ́ọ̀mù àkọ́kọ́ tí mo mọ orúkọ rẹ̀. Ó kéré, ó le bí o bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi eyín kàn án, ó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹ̀fun díẹ̀ sì máa ń wà lára rẹ̀ tí a kọ́kọ́ ń fi ahọ́n lá. Àwòrán kékeré kan ló wé e: ọmọkùnrin kan tó fi nǹkan bo ojú kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Joe, àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó fa kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ sókè bo ẹnu. Òyìnbó ló wà níbẹ̀, àwa ò sì tíì lè kà á. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó wà ní iléèwé mọ́dà ló máa ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa, mo sì mọ̀ nísinsìnyí pé púpọ̀ nínú ohun tó sọ fún wa kò sí nínú bébà náà, òun ló ń fúnra rẹ̀ hun ìtàn. A kó bébà Joe jọ sínú agolo mílíìkì. Ilé iṣẹ́ Topps ní Brooklyn, ní Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe gọ́ọ̀mù náà ní 1947, Joe sì wọlé sínú rẹ̀ lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Wọ́n ti ronú rẹ̀ dáadáa. Adùn gọ́ọ̀mù ò pẹ́ tán lẹ́nu, bébà ló ń kù sọ́wọ́ ọmọ, ìyẹn ló sì ń rán an padà sọ́dọ̀ alátẹ lọ́la.

Ohun tó jẹ́ kí ṣíńgọ́ọ̀mù tètè ràn káàkiri ní apá ọ̀dọ̀ wa ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Láti oṣù Kìíní ọdún 1955 tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, iléèwé kún. Ọmọ tí ì bá wà lóko láàárọ̀ wà ní ẹnu géètì pẹ̀lú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ́ rẹ̀, aago kan náà ni gbogbo wọn ń jáde ìsinmi, kọ́bọ̀ kan sì wà lọ́wọ́ àwọn mìíràn. Kí ni oníṣòwò tún ń wá? Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ ta nǹkan fún ọmọdé ní láti máa kiri láti agboolé sí agboolé, kí ó sì bá ìyá ọmọ sọ̀rọ̀. Géètì iléèwé yọ ìyá kúrò láàárín.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ gan-an jẹ́ ọjọ́ ọjà ní Apòmù, lẹ́yìn tí ogun Biafra ti parí. Màámi rán wa lọ ra àgbagbà. Ọkọ̀ kan wọ inú ọjà, wọ́n kùn ún ní pupa àti funfun, wọ́n so ẹ̀rọ gbohùngbohùn méjì mọ́ orí rẹ̀, orin jùjú sì ń dún láti inú rẹ̀. A ti mọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn ọlọ́ṣẹ àti àwọn olóògùn máa ń wá, wọn a fi sinimá hàn wá lálẹ́ ní gbàgede, wọn a sì fi ìpolówó há a láàárín. Ṣùgbọ́n ọ̀sán gangan lèyí dé, kò sì gbé sinimá dání. Ṣíńgọ́ọ̀mù tuntun ni wọ́n wá fi lọ̀ wá.

Ọkùnrin kan gun orí ọkọ̀ náà. Ó wọ ṣòkòtò funfun, ó dé fìlà tí wọ́n kọ orúkọ gọ́ọ̀mù náà sí. Ó bó gọ́ọ̀mù kan, ó gbé e sẹ́nu, ó dákẹ́, ó ń jẹ ẹ́ lójú gbogbo wa. Ọjà fẹ́rẹ̀ẹ́ pa rọ́rọ́. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ ẹ. Gọ́ọ̀mù náà yọ létè rẹ̀, ó tó agbálùmọ̀ kan, ó tó ọsàn, ó bo imú rẹ̀, a ń pariwo, ó sì bẹ́ pàá. Ó fi ìka kó o kúrò lára irùngbọ̀n, ó dá a padà sẹ́nu. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Wọn ò jù ú sínú èrò. Wọ́n ní kí àwa ọmọdé tò, wọ́n fi ọ̀kọ̀ọ̀kan lé wa lọ́wọ́, wọ́n sì ní kí ẹni tó bá lè fẹ́ tirẹ̀ kó tóbi jáde wá gba méjì sí i. Gbogbo ọjà Apòmù kún fún ọmọ tó ń fẹ́ ẹnu.

Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó kà á pé ọgbọ́n yìí ti pẹ́. Walter Diemer, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe ìṣirò owó ní ilé iṣẹ́ Fleer ní Philadelphia, ló ṣe gọ́ọ̀mù fífẹ́ Dubble Bubble ní 1928. Aró pupa fẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nítòsí lọ́jọ́ náà, òun ló dà sí i, àwọ̀ náà ni ayé sì ń bá kiri títí di òní. Diemer fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwọn ataja ilé iṣẹ́ náà bí wọn yóò ṣe máa fẹ́ ẹ níwájú oníbàárà. Ohun tó dé orí ọkọ̀ ní Apòmù nìyẹn.

Pípín lọ́fẹ̀ẹ́ náà ní bàbá tirẹ̀. William Wrigley dé Chicago ní 1891, ọṣẹ ló ń tà. Ó ń fi ìyẹ̀fun tí ń mú búrẹ́dì wú ṣe ènì fún ẹni tó bá ra ọṣẹ. Ènì náà tà ju ọṣẹ lọ, ó pa ọṣẹ tì, ó ń ta ìyẹ̀fun. Ó wá ń fi ṣíńgọ́ọ̀mù ṣe ènì ìyẹ̀fun. Ènì tún borí ọjà. Ní 1893 ó gbé Juicy Fruit àti Spearmint jáde, nígbà tó sì di 1915 ó fi gọ́ọ̀mù ránṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ sí gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé tẹlifóònù Amẹ́ríkà, wọ́n ju mílíọ̀nù kan lọ. Ìyá aláta èyíkéyìí ní Ìkirè yóò gbọ́ ìtàn Wrigley yìí yé. Ènì ni okùn ọjà wa. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ yí padà ni àkókò rẹ̀: lọ́dọ̀ wa, o ra tán kí a tó bu ènì sí i; wọ́n fún ọ ní ènì kí o tó mọ̀ pé o fẹ́ rà.

Inú àwọn àgbà ò dùn. Nígbà tí a délé lọ́jọ́ náà, tí ẹnu gbogbo wa ń mì, ìyá bàbá mi pè wá síwájú.

“Kí lẹ ń jẹ tí kò tán?”

“Ṣíńgọ́ọ̀mù ni, Ìyá Àgbà.”

“Ẹ gbé e mì, ẹ wá jẹ ẹ̀kọ.”

“Wọ́n ní a ò gbọdọ̀ gbé e mì, Ìyá Àgbà. Wọ́n ní yóò lẹ̀ mọ́ ìfun.”

Wọ́n wò wá títí. “Oúnjẹ tí a ò gbọdọ̀ gbé mì, ta ló ní kó wọ ẹnu?”

Kò sí ẹni tó dáhùn. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà kan náà mọ̀ pé a ń jẹ agbálùmọ̀ di gọ́ọ̀mù, wọn ò sì bá wa wí rí, orín àtà kì í sì í kúrò lẹ́nu àwọn fúnra wọn láàárọ̀. Ohun tí wọn ò fẹ́, bí mo ti rò ó lẹ́yìn náà, ni kí ọmọ máa jẹnu níwájú àgbà nígbà tí wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀. Ti ọmọbìnrin tún burú jù. Èyí tó bá ń jẹ gọ́ọ̀mù pá-pá-pá lójú títì, wọ́n ti ka ìwà rẹ̀ mọ́ ọn lọ́rùn. Mo gbà pẹ̀lú wọn lórí ti níwájú àgbà. Lórí ti ọmọbìnrin, mi ò gbà nígbà náà, mi ò sì gbà títí di òní.

Ọkọ̀ náà lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Mi ò rí i mọ́ láyé mi. Ibi tí ìtàn ìpolówó ṣíńgọ́ọ̀mù máa ń parí sí nìyẹn bí àwọn ilé iṣẹ́ bá ń sọ ọ́: wọ́n gbé e jáde, wọ́n lu ìlù, ọjà tà. Ta ló tà á? Màámi ló tà á. Àwọn ìyá ọ̀rẹ́ mi ló tà á, àwọn obìnrin gáréèjì Ìkirè tí wọn ò kàwé, tí ẹnikẹ́ni ò kọ orúkọ wọn síbì kan.

Ní Agbẹ́ni, n’Ìbàdàn, ni àwọn alájàpá ti ń kó páálí gọ́ọ̀mù wá. Màámi gba páálí kan ní àwìn. Wọ́n kọ́kọ́ tò ó sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí àtẹ dòdò, kò tà. Wọ́n wo àwọn èrò ọkọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó rí i pé ẹni tó bá jẹ dòdò tán ni ẹnu rẹ̀ ń ta, tí epo wà létè rẹ̀, tó ń wá nǹkan tútù tàbí nǹkan dídùn. Láti ọjọ́ náà, wọn ò jẹ́ kí a polówó gọ́ọ̀mù mọ́. Dòdò ni kí a polówó. Bí èrò bá ti rà á, kí a má kúrò lẹ́nu fèrèsé. Kí a dúró títí yóò fi fi eyín kàn án, kí ata náà dé ọ̀fun, kí a wá na ọwọ́ gọ́ọ̀mù sí i láìsọ ohunkóhun. Wọ́n sì máa ń jẹ́ kí ẹnìkan nínú wa jẹ gọ́ọ̀mù kan lórí ọjà, èyí tó kéré jù, kí ọmọ inú ọkọ̀ lè rí ẹnu rẹ̀. Èmi ni mo kéré jù. Wọ́n ní kí n máa fẹ́ ẹ bí ọkọ̀ Píjò onídílé bá dúró, torí ibẹ̀ ni ọmọ olówó máa ń wà. Màámi ò gbọ́ orúkọ Diemer rí.

Ìṣirò wọn ló tún yà mí lẹ́nu jù. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 1973 ni ìjọba pààrọ̀ owó, tí pọ́n-ùn, ṣílè àti pẹ́nì di náírà àti kọ́bọ̀. Kọ́bọ̀ ni àwa ti ń pe pẹ́nì tẹ́lẹ̀, orúkọ náà ò sì yí padà lẹ́nu wa, bẹ́ẹ̀ owó ti yí padà nínú rẹ̀. Kọ́bọ̀ àtijọ́ méjìlá ló wà nínú ṣílè. Mẹ́wàá ni tuntun. Gọ́ọ̀mù tó jẹ́ kọ́bọ̀ kan ṣì ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Ẹni tó bá mú ṣílè wá tẹ́lẹ̀ ń gba méjìlá, ó wá ń gba mẹ́wàá, ó sì ń bínú, ó ní a ti jí méjì. Tọ́rọ́ tún wà ńbẹ̀: kọ́bọ̀ mẹ́ta ni láyé pẹ́nì, ó wá di kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀. Báwo lo ṣe fẹ́ ta gọ́ọ̀mù méjì ààbọ̀? Ìjọba ṣe ààbọ̀ kọ́bọ̀, ṣùgbọ́n kì í sábà sí nínú igbá wa. Màámi bá ra gúrúndì, wọ́n fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Tọ́rọ́ di gọ́ọ̀mù méjì àti gúrúndì kan. Ẹni tó bá ra ti ṣílè, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù kan ṣe ènì, wọ́n á sì fi gúrúndì lé e. Ìjà parí. Nígbà tó fi máa di 1975 tí owó Udoji, àfikún owó oṣù tí ìjọba san, dé ọwọ́ àwọn tíṣà àti òṣìṣẹ́ ìjọba, páálí tí wọ́n ń rà ní ẹyọ kan tẹ́lẹ̀ ti di mẹ́ta, wọn kì í sì í gbà á ní àwìn mọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa oògùn ní Yunifásítì Ifẹ̀ ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mò ń rò dòní. Ó ní oje igi kan ní Mẹ́síkò, tí wọ́n ń pè ní chicle, ni Thomas Adams fi ṣe ṣíńgọ́ọ̀mù rẹ̀ ní New York ní nǹkan bí 1870, oje náà ni àwọn ilé iṣẹ́ sì ń lò kó tó di pé wọ́n ń fi rọ́bà àtọwọ́dá rọ́pò rẹ̀. Igi chicle àti igi agbálùmọ̀, ìdílé kan náà ni wọ́n. Igi òrí wà nínú ìdílé náà, agbáyun tí ń sọ ohun kíkan di dídùn lẹ́nu wà níbẹ̀. Ó tún ní ewé eéran tí a fi ń wé mọ́ínmọ́ín ní èso pupa onígun mẹ́ta nísàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, èyí tí a máa ń lá lóko nígbà tí a wà lọ́mọdé. Àwọn onímọ̀ ní Ifẹ̀ wà lára àwọn tó ṣe ìwádìí adùn inú èso náà ní àwọn ọdún 1970, òyìnbó ń pè é ní thaumatin, ó dùn ju ṣúgà lọ lọ́nà ẹgbẹ̀rún méjì àti jù bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń fi sínú ṣíńgọ́ọ̀mù káàkiri ayé. Èmi jókòó, mò ń gbọ́. Ohun tó ń fà àti ohun tó ń dùn, méjèèjì ní ẹbí nínú oko bàbá mi. Ó dùn mí gan-an pé a ò fi ṣe nǹkan kan tó ní bébà àti orúkọ.

Láàárín àwọn ọdún 1980 ni gọ́ọ̀mù òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́n. Ìjọba dín kíkó ọjà wọlé kù, nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP sì dé ní 1986, tí náírà ń já wálẹ̀, páálí kan fẹ́ gbé gbogbo èrè ọ̀sẹ̀ Màámi lọ. TomTom ti ilé iṣẹ́ Cadbury n’Ìkẹjà wà, ọ̀pọ̀ obìnrin gáréèjì sì yà sí i. Màámi dín gọ́ọ̀mù kù díẹ̀díẹ̀, wọ́n tà á tán, wọn ò rà mọ́. Omi tútù inú ọ̀rá ni wọ́n fi sí àyè rẹ̀. Ó tà ju gọ́ọ̀mù lọ, torí ata dòdò ò dín kù.

Bí ẹ bá gba Ìkirè kọjá lónìí, ẹ ó rí Orbit àti Center Fresh lórí àtẹ àwọn ọmọ wa, ẹ ó sì rí dòdò nínú ọ̀rá, tí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó dín in wà lára àwọn mìíràn. Ìyẹn dùn mọ́ mi nínú. Láyé Màámi, ewé ò gba orúkọ. Ọkọ̀ kankan ò polówó dòdò Ìkirè rí, kò sí ẹni tó gun orí mọ́tò nítorí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí ará Èkó tó ń gba ọ̀nà yẹn tí kò mọ̀ ọ́n.

Bí ilé iṣẹ́ kan bá tún fẹ́ gbé ṣíńgọ́ọ̀mù tuntun jáde ní apá ọ̀dọ̀ wa, kí wọ́n kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀ ní gáréèjì Ìkirè, kí wọ́n jókòó ti àwọn obìnrin tó wà nídìí àtẹ, kí wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí èrò ọkọ̀ ń wá lẹ́yìn tó bá ti jẹ dòdò tán. Àwọn obìnrin náà yóò dá wọn lóhùn dáadáa. Kí wọ́n sì san owó ìdáhùn náà fún wọn.